Wáyà Ẹni Tó Kó Jáde

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní Ajah. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó kó jáde ṣì wà lára ògiri, àmọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ni mo fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè ilé-iṣẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Wáyà tó dé Lekki Phase 1 lè má dé òpópónà tiyín. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé àti ẹgbẹ́ ẹ̀sítéètì kí wọ́n tó lu ògiri. Bí wáyà kò bá dé, Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní 2023, ń gba ojú ọ̀run wá, bí igi tàbí ilé gíga kò bá dí i. Bí ilé-iṣẹ́ tí ẹ yàn bá gbowó tí wọn kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn wọ́n. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, sórí 622.