Bi Ẹmu Léèrè Wákàtí Rẹ̀

Àbúrò mi, ẹmu tí àwọn àlejò máa mu níbi ìdána rẹ, má kówó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ bá ọ rà á. Fúnra rẹ ni kí o tọ́ ọ wò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ti gba ọ̀rọ̀ ẹmu ṣe tiwọn, bẹ́ẹ̀ ahọ́n tí a fi ń mọ ọbẹ̀ tó fẹ́ kan àti èyí tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó, òun náà ló mọ ẹmu.

Ọjà Akẹ̀sán ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, níwájú Ààfin Ọ̀yọ́. Iná jó ọjà náà ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba sì ti tún un kọ́. Igbá ni kí o wá, torí iṣẹ́ igbá jẹ́ ohun tí a mọ Ọ̀yọ́ mọ́. Ra ahá mẹ́ta tó dọ́gba, èyí tí wọn kò kùn lọ́dà. Rẹ wọ́n sómi mọ́jú, da omi náà nù, kí o tún rẹ wọ́n títí kíkorò igbá tuntun yóò fi lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igbá ni wàá máa tọ́ wò.

Tí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu, kí i dáadáa: “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọgbá.” Má tíì béèrè iye. Béèrè pé, “Ìgbà wo ni adẹ́mu gbé e sọ̀?” Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Àwọn èèyàn wa tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù a máa gbé wísíkì Scotland wálé, tí wọ́n kọ 12 tàbí 18 sí lára. Ọdún tó lò nínú àgbá igi óákù nìyẹn, òfin wọn kò sì gbà kó dín ní ọdún 3. Ṣùgbọ́n wákàtí la fi ń ka ọjọ́ orí ẹmu. Bó ṣe ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà tó wà níbẹ̀ ti ń mú un; láàárín wákàtí méjì, ó ti di ọtí. Tó bá fi di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan bọ̀. Ra kẹ́ẹ̀gì kékeré kan láàárọ̀, kí o tọ́ ọ wò bó ṣe délé, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Wàá mọ èyí tí ẹnu rẹ fẹ́.

Lẹ́yìn náà, bu ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ tí wọ́n gbé sọ̀ láàárọ̀ kan náà sínú ahá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àbàtà ni igi ògùrọ̀ fẹ́ràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń so kó tó kú, torí náà ìgbẹ̀yìn ayé igi ni adẹ́mu ń gbà fún ọ. Má ná an jù. Ahá kẹta, bu ti ẹni tí o kò fọkàn tán sí i. Gbóòórùn wọn kí o tó mu. Mu díẹ̀, jẹ́ kó yí ahọ́n ká, gbé e mì, kí o wá dúró. Ògidì a máa fi adùn àti ìkan díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Àbùlà tí wọ́n fi sákárìn tún ṣe yóò kọ́kọ́ dùn, yóò wá korò lẹ́yìn náà. Bí oyin bá kú sínú rẹ̀, sẹ́ ẹ. Ìyẹn kò bà á jẹ́. Tí o bá lóyún, òórùn nìkan ni kí o gbọ́. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ tọ́ ọ wò.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà ń bẹ, ó sì dùn mọ́ mi láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Scotland ń ṣe fún ọkà báálì tí wọ́n fi ń pọn wísíkì ni àwọn ìyá wa ń ṣe fún àgbàdo: wọ́n á rẹ ẹ́, á hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é. Ní erékùṣù Islay, èéfín ilẹ̀ àbàtà gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń yan ọkà, ìdí nìyẹn tí wísíkì Lagavulin ibẹ̀ fi ń rùn bí èéfín tí wísíkì Glenlivet kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá gbé méjèèjì wá, Glenlivet ni kí o kọ́kọ́ tọ́ wò, kán omi díẹ̀ sí i. Bí èéfín bá ti ṣáájú gba ẹnu rẹ, Glenlivet á kàn dà bí omi ni.

Ògógóró ni mi ò fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀. Lọ́dún 2015, ó pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó tún pa ọ̀pọ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol ló wà nínú rẹ̀. Ahọ́n kò lè dá a mọ̀, imú náà kò lè mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń fọ́ni lójú kó tó pani. Èyí tó bá ní nọ́ńbà NAFDAC nìkan ni kí o rà.

Lọ́jọ́ ìdána, sọ fún adẹ́mu pé ẹmu àárọ̀ ọjọ́ náà ni o fẹ́, kì í ṣe ti àná. Má dé kẹ́ẹ̀gì pa nínú ọkọ̀, torí ó ṣì ń hó, ó sì lè bú gbàù. Gbé e sí ibòòji, fi aṣọ tútù wé e, kí o tọ́ ọ wò lójú ẹni tó gbé e wá kí o tó san owó tó kù.