BÍ A ṢE LÈ MÚ YÀRÁ ỌMỌ TUNTUN GBÓNÁ NÍ ÀSÌKÒ ỌYẸ́

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin agbẹ̀bí, a máa ń sọ pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun tí òtútù bá ti mú jù kì í sunkún púpọ̀. Ńṣe ni yóò dákẹ́, tí kò sì ní lè fa ọmú dáadáa. Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ nìkan bá tutù, òtútù ti ń mú un. Bí ikùn pàápàá bá tutù, ewu ti dé: ẹ gbé e sí àyà, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí tí ó ní tẹmómítà mọ̀ pé 36.5 sí 37.5 ni ìgbóná ara ọmọ tí ó dára.

1. ÀYÀ ÌYÁ NI ÀKỌ́KỌ́. Bí a bá ti bí ọmọ, kí agbẹ̀bí nù ún gbẹ, kí ó gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ láìwọ aṣọ, kí ó fi aṣọ gbígbẹ bo àwọn méjèèjì. Ẹ má ṣe wẹ̀ ẹ́ kí wákàtí 24 tó kọjá. Ọmọ tí kò tó kílò 2.5 nílò àyà yìí fún ó kéré tán wákàtí 8 lójúmọ́. Ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ tí a fi ń mú ọmọ gbóná kò kárí.

2. HÍÍTÀ ONÍNÁ MÀNÀMÁNÁ. Bí ẹ bá ní i, ẹ tàn án kí ẹ tó wọlé sùn, kí yàrá lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ gbé e sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, àwọ̀n ẹ̀fọn àti aṣọ fèrèsé ní mítà kan. Ẹ má ṣe sá ìtẹ́dìí ọmọ lé e lórí. Ara ògiri ni kí ẹ ti kì í bọná, kì í ṣe ara wáyà àfikún, nítorí iná tí híítà ń fà pọ̀, wáyà náà lè gbóná títí yóò fi jó. Ẹ pa á kí oorun tó gbé yín lọ. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri, kí ó má baà tàn fúnra rẹ̀ lóru nígbà tí iná bá dé.

3. ÈÉDÚ ÀTI SÍTÓÓFÙ: ÈÈWỌ̀ NI. Ẹ má ṣe gbé iná èédú tàbí sítóófù oníkẹrosíìnì wọ inú yàrá tí ẹ ń sùn. Jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ sí nínú ilé tàbí nítòsí fèrèsé. Wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí aboyún bá fà á símú, ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé àárẹ̀ oyún lásán ni. Ẹ jáde síta kíá, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

ÌBÉÈRÈ
(a) Apá ibo lára ọmọ ni a ń fi ọwọ́ kàn láti mọ̀ bí òtútù bá ń mú un?
(b) Kí ni kí a ṣe sí híítà bí iná bá lọ?
(d) Kí ni ó dé tí èédú kò fi gbọdọ̀ wọ yàrá?