Ẹ Má Tíì Ta Láptọ́ọ̀pù Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Òṣòdì, ní Máfólúkù, ní Ìlasamàjà, ní Ìsọlọ̀ àti Òkóta, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ń rí bí ẹ ṣe ń gbé e sínú báàgì lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà, tí wọ́n á ní ó ti darúgbó, kí ẹ fi owó kún un, kí ẹ gba òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí gbóná ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè rí i gbà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2026, ó parí. Wọ́n ní kí gbogbo ayé bọ́ sórí Windows 11, ṣùgbọ́n Windows 11 kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè ohun èlò ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bó bá sì jẹ́ Intel ló ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ìran kẹjọ sókè ló ń gbà. Ẹ wá wo tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín: HP EliteBook 840 G3, Lenovo ThinkPad T460, Dell Latitude E7470. Ìran kẹfà ni gbogbo wọn. Ara wọn le, kíbọ́ọ̀dù wọn dára, wọ́n ń tan dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n ju pé ẹnì kan ní ọ̀nà jíjìn ti pinnu pé ọjọ́ wọn ti pé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ní ọ̀nà ẹ̀bùrú: kí ẹnjiníà bá yín fi Windows kíráàkì sí i, èyí tí wọ́n ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Olè ni, bó ti wù kó wọ́pọ̀ tó, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn. Ewu sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ra àgbo inú ìgò lábẹ́ bíríjì Òṣòdì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì lè béèrè ewé tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì tí wọ́n fi ń fọ́ kọ́kọ́rọ́ Windows. Ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ ò mọ ohun tó fi sínú rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ètò tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ yín kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí kan náà lẹ fi ń wọlé sí báńkì. Orí rẹ̀ ni ẹ̀dà NIN yín wà.

Irú Windows bẹ́ẹ̀ kì í sábàá gba àtúnṣe mọ́, torí àwọn tó fọ́ ọ máa ń pa ọ̀nà rẹ̀ kí àṣírí má baà tú. Ẹ rántí WannaCry, ètò aburú tó jà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì mọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà lójú títí dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti oṣù kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dí i lọ́nà jáde. Àwọn tí kò gbà á ló kó sí wàhálà.

Ètò tí mo ní kí ẹ gbé wò dípò Windows ni Linux. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki nílẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Kò fi iṣẹ́ náà pamọ́. Ó gbé gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ń pè ní open source nìyẹn. Ẹ má sì pè é ní ohun àjèjì: Android tó wà nínú fóònù Tecno àti Infinix yín, orí Linux ló dúró lé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, láìgba kọ́bọ̀. Láti ara Ubuntu ni Linux Mint ti jáde lọ́dún 2006. Mint yìí ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó bá ń kúrò lórí Windows, torí bí ojú yín ṣe mọ Windows, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n to tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan orílẹ̀-èdè wa rí, bí ọ̀pọ̀ yín ò tilẹ̀ gbọ́. Lọ́dún 2007, ètò ti tò láti kó 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré Classmate tí Intel ṣe wá fún àwọn ọmọ iléèwé Nàìjíríà. Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ Faransé, ló pèsè Linux inú wọn. Ojijì ni ìròyìn dé pé àwọn tó ń ra ẹ̀rọ náà yóò san owó Mandriva o, ṣùgbọ́n wọn ó nu iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, wọn ó fi Windows rọ́pò. Inú bí François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, ó kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Nígbà tó yá, USPF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ní Linux náà ni kó wà nínú tiwọn. Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn àgbà níbí àti lókè òkun ló ń du ohun tí ọmọ wa máa fojú rí nígbà tó bá tan kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè. Ẹ̀yin lónìí, ọwọ́ yín ni yíyàn náà wà. Ìdí tí mo fi ń dà yín láàmú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì sí yín kúrò lórí ẹ̀rọ náà: fọ́tò, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ iléèwé. Ẹ kó wọn sí dírẹ́fù mìíràn, kí ẹ sì ṣí wọn níbẹ̀ kí ẹ rí i pé wọ́n wà lóòótọ́. Bí BitLocker, ètò tó ń ti dírẹ́fù pa, bá wà lórí Windows yín, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Fáìlì Mint tó gígábáìtì mẹ́ta, nítorí náà kí ẹnì kan fi dátà òru gbé e wálẹ̀, kí ẹ̀yin yòókù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin gbà á, ẹ ò jí ti ẹnikẹ́ni. Ètò bíi Rufus tàbí balenaEtcher lẹ ó fi kọ ọ́ sórí fíláàṣì 8GB, ohun tó bá wà lórí fíláàṣì náà tẹ́lẹ̀ á sì parẹ́.

Bí ẹ bá ti fi fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, tí ẹ tàn án, ẹ máa tẹ F9 bó bá jẹ́ HP, F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, kí ẹ yan fíláàṣì náà. Mint á tàn láti orí rẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn. Bí Wi-Fi kò bá jáde, ẹ fi okùn so fóònù yín mọ́ ọn kó máa lo íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé Mint wọlé tán, Driver Manager á sábàá wá ohun tó kù. Ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, ẹ̀dà Mint tí wọ́n ń pè ní Xfce ni kẹ́ ẹ fi sí i; èyí tó bá ní 8GB lè gba Cinnamon.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé pátápátá, ẹ rí i pé bátìrì kún, torí iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Á bi yín bóyá kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows tàbí kó nu gbogbo dírẹ́fù. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ibẹ̀ ni omijé ti máa ń wá.

Mi ò ní tàn yín pé kò sí ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù. CorelDRAW àti Photoshop ò ní ẹ̀dà Linux. Inkscape àti GIMP wà, wọ́n sì lágbára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìwé ìkésíni àti bánà jẹun, tí àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú ń béèrè fáìlì Corel lọ́wọ́ rẹ̀, kó má ṣe nu Windows rẹ̀ kúrò. Kó fi méjèèjì sórí ẹ̀rọ kan. LibreOffice á ṣí ìwé Word yín, àmọ́ tábìlì àti àwòrán inú rẹ̀ lè yẹ̀ kúrò ní ipò wọn, nítorí náà PDF ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tàbí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́. JAMB kò kàn yín nínú èyí, ilé ìdánwò ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Àmọ́ ìdánwò tẹ́ ẹ ó ti ilé ṣe, tí wọ́n á máa fi kámẹ́rà ṣọ́ yín, ẹ béèrè ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba Linux.

Ẹ má dá a ṣe. Ẹ̀yin mẹ́ta mẹ́rin ládùúgbò kan náà ni kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí tiẹ̀ ti yọrí máa ran ẹni tó há lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bíi tiyín, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom, ló dá Open Source Community Africa sílẹ̀, wọ́n sì pe ọ̀dọ́ jọ sí àjọ̀dún wọn ní Èkó yìí ní oṣù kejì ọdún 2020. Àwọn ọmọ yẹn kì í lo ohun tí ayé ṣe lásán, wọ́n ń fi tiwọn kún un, ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ tán, ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń tún kíbọ́ọ̀dù tò, ẹ lọ sí Layouts, ẹ wá Nàìjíríà, ẹ ó rí Yorùbá níbẹ̀. Ẹ fi kún un. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ ṣí ìwé ìwáṣẹ́ yín, kí ẹ tún orúkọ bàbá yín kọ pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀.