ÀṢẸ ÌJỌBA ÀTI Ẹ̀TỌ́ ARÁ ÌLÚ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ẸJỌ́ ELÉKÒÓ

Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Bíbélì àti fún àwọn Olùkọ́
Ìwé kíkà: Àwọn Ọba Kìíní 21, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 16:35–40 àti 25:1–12, Róòmù 13:1–7



Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dìde nínú ẹgbẹ́ wa nígbàkúùgbà tí a bá ka orí kẹtàlá Ìwé Róòmù: Bí ó bá ṣe pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni àṣẹ ti wá, ó ha tọ́ kí Kristẹni pe ìjọba lẹ́jọ́ bí? Àwọn kan a ní ọ̀tẹ̀ ni. Àwọn mìíràn a ní ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí àríyànjiyàn wa má baà jẹ́ asán, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn, lẹ́yìn náà kí a yẹ ẹjọ́ ńlá kan wò tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó, tí àwọn amòfin sì ń tọ́ka sí títí di òní.

I. OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN

Ẹ kíyèsí i pé Pọ́ọ̀lù tí ó kọ Ìwé Róòmù ni Pọ́ọ̀lù kan náà tí ó kọ̀ láti fi ilé túbú Fílípì sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. A ti na òun àti Sílà ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ará Róòmù ni wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn onídàájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ ní jẹ́jẹ́. Pọ́ọ̀lù kọ̀, ó ní kí àwọn tìkára wọn wá mú àwọn jáde. Lẹ́yìn náà, níwájú Fẹ́sítù, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Késárì. Kò sọ òkúta, kò sì kó ènìyàn jọ láti jà. Òfin tí ìjọba náà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ni ó fi bá a sọ̀rọ̀.

Ti Nábótì yàtọ̀. Àwọn àgbààgbà jókòó, ẹlẹ́rìí méjì wá, èdìdì ọba sì wà lára ìwé. Gbogbo àwọ̀ ìdájọ́ pé, ṣùgbọ́n olè àti ìpànìyàn ni. Nítorí náà, èdìdì lára ìwé kò tó. A gbọ́dọ̀ bi í léèrè bí ohun tí ó wà nínú ìwé náà bá jẹ́ òtítọ́. Ọba Ísírẹ́lì pàápàá, a pàṣẹ fún un nínú Deutarónómì 17 pé kí ó da òfin kọ fún ara rẹ̀, kí ó sì máa kà á, kí ọkàn rẹ̀ má baà gbé ga ju ti àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ.

II. BÍ ẸJỌ́ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1861 ni Ọba Dòsùmú fi Èkó lé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ará Èkó ti di ọmọ ìlú lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ náà yóò wá dúró lé.

Ní ọdún 1920, Olóyè Amodu Tijani Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá tí Ìjọba gbà. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, bá a lọ pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó. Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbẹ̀ nípa Elékòó kò dùn mọ́ Ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Elékòó rán akéde yí ìlú ká láti kọ Macaulay sílẹ̀. Kò ṣe é. Nítorí náà Ìjọba kò kà á sí olóyè mọ́, wọ́n sì dá owó rẹ̀ dúró. Síbẹ̀ Olúwa jàre ní ọdún 1921 níwájú Privy Council, èyíinì ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Ọba, a sì san £22,500 gẹ́gẹ́ bí owó ilẹ̀ náà.

Ìjà inú ìlú kò tán. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, àwọn kan nínú ìdílé ọba ní àwọn ti yọ Èṣùgbàyí. Ìjọba fara mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tí ń dúró fún Gómìnà fi ọwọ́ sí ìwé pé kí Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó, a sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

III. OHUN TÍ ÌHÀ MÉJÈÈJÌ WÍ

Òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1917 ni Ìjọba dì mú. Òfin náà gba Gómìnà láyè láti lé olóyè tí a yọ kúrò ní àdúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó béèrè ohun mẹ́ta: kí ó jẹ́ olóyè ní tòótọ́, kí a ti yọ ọ́ ní tòótọ́, kí àṣà ìbílẹ̀ sì wí pé ẹni tí a bá yọ kò gbọdọ̀ gbé ìlú náà mọ́.

Ìjọba wí pé Gómìnà ti yẹ ọ̀ràn náà wò, ó sì tó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa àlàáfíà mọ́, adájọ́ kò sì ní láti tọ pinpin rẹ̀. Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀sín. Ìlú tí ó pín sí méjì ṣòro láti ṣe àkóso, ẹni tí ó sì ń ṣọ́ ìlú a máa rí ohun tí adájọ́ kò rí.

Àwọn agbẹjọ́rò Elékòó béèrè fún ìwé tí a ń pè ní habeas corpus. Ìwé yìí ni adájọ́ fi ń pàṣẹ fún ẹni tí ó dá ènìyàn dúró pé kí ó mú un wá, kí ó sì fi òfin tí ó fi dá a dúró hàn. Wọ́n ní: Ẹ fi ohun mẹ́ta náà hàn wá.

Àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà kọ̀. Ẹjọ́ náà dé Privy Council lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 1928, wọ́n ní bí adájọ́ kan bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí a dè, ó lè tọ adájọ́ mìíràn lọ. Ní ọdún 1931, Lord Atkin ka ìdájọ́ kejì. Ohun tí ó wí ni pé, láàárín àwọn ọmọ ìlú lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi òfin gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́. Àti pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba ni olùjẹ́jọ́. Ní ti àṣà, ó wí pé ìfọwọ́sí àwọn ará ìlú ni ó ń sọ àṣà di àṣà. Ilé ẹjọ́ lè kọ àṣà tí ó burú, ṣùgbọ́n kò lè tún un rọ kí ó di èyí tí ó rọrùn.

Ẹ wò ó: ìwé tí ó gba ìlú lọ́wọ́ ìdílé Dòsùmú ní ọdún 1861 ni ó sọ Èṣùgbàyí di ẹni tí òfin náà gbọ́dọ̀ dáàbò bò!

A dá ẹjọ́ náà padà kí a lè wádìí ohun mẹ́ta náà. Kí ìwádìí náà tó parí, Ìjọba lábẹ́ Gómìnà Donald Cameron parí ọ̀rọ̀ náà. Èṣùgbàyí padà sí Èkó ní ọdún 1931, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́fà, ó sì wàjà ní ọdún 1932.

IV. ÒFIN NÍGBÀ OGUN

Ẹnìkan lè wí pé ó rọrùn láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1941, nínú ogun Hitler, ẹjọ́ Liversidge dé iwájú adájọ́ márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ogun ní Mínísítà lè ti ènìyàn mọ́lé bí ó bá ní ìdí tí ó yẹ láti fura sí i. Adájọ́ mẹ́rin ní bí Mínísítà bá ti gbà pé òun ní ìdí, ó parí. Lord Atkin nìkan ni ó yapa. Ó ní láti ní ìdí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú láti rò pé a ní ìdí. Àti pé ariwo ogun kò pa òfin lẹ́nu mọ́. A bínú sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1979, Lord Diplock wí ní ilé ẹjọ́ kan náà pé àkókò ti tó láti jẹ́wọ́ pé àwọn mẹ́rin ni ó ṣì í.

V. ÌLÒ RẸ̀ FÚN WA

Èkínní, ọ̀ràn yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Abala 35 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo òmìnira ara. Abala 46 sì gbà kí ẹni tí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, a yọ Muhammadu Sanusi Kejì lórí ìtẹ́ Kano, a sì gbé e lọ sí Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni ilé ẹjọ́ ní Abuja pàṣẹ pé kí a jẹ́ kí ó máa lọ sí ibi tí ó bá fẹ́.

Èkejì, kí a má ṣe fọwọ́ sí ìwà àìtọ́ nítorí pé ẹni tí a kò fẹ́ràn ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Òpọ̀ ni inú rẹ̀ dùn nígbà tí a lé Elékòó, láìmọ̀ pé àṣẹ tí kò ní ìdíwọ̀n kò mọ ọ̀rẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń béèrè ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ahọ́n rẹ̀. Ní ọdún 1928, a fi Macaulay sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ìròyìn tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde pé a fẹ́ pa Elékòó. Àhesọ kì í ran ẹjọ́ rere lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, èyí kan àwa olùkọ́ àti aṣáájú ìjọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Bí a bá ń lé ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, tàbí tí a ń dá ará dúró níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹnu wo ni a ó fi bá ìjọba wí?

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyí: ẹni tí ó pe ìjọba wá sí abẹ́ òfin kò tàbùkù sí àṣẹ tí Ọlọ́run fi lélẹ̀, ó ń rán aláṣẹ létí pé òun náà ní Olúwa kan.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe ní Fílípì àti ọ̀tẹ̀?
2. Ta ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí àṣà ìlú jẹ́: ìjọba, adájọ́, tàbí àwọn ará ìlú?
3. Ǹjẹ́ àkókò ewu wà tí ó tọ́ kí a dín òmìnira kù? Bí ó bá wà, ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Kí Ọlọ́run fún àwọn aláṣẹ wa ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kí ó sì fún àwa ní ìgboyà pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Àmín.