Àkànkẹ́, Ta Ló Ni Ayé Ìgbà Náà?

Àkànkẹ́, fi fóònù yẹn sílẹ̀, èmi ni kí o wò. Ìyá rẹ ti ròyìn fún mi. Ó ní nígbà tí ẹ ń wo fíìmù Holiday Inn lásìkò Kérésìmesì, ọmọ rẹ bi ọ́ pé kí ló dé tí òyìnbó yẹn fi kun ojú rẹ̀ dúdú, o sì dá a lóhùn pé, "Ayé ìgbà yẹn nìyẹn, wọn ò ní nǹkan kan lọ́kàn." O tún fi kún un pé àwọn tó ń bínú sí i lónìí kàn ń wá ohun tí wọ́n máa bínú sí ni. Ìwọ tí mo pọ̀n títí o fi mọ ìrìn! Ìwọ tí mo máa ń fi orí pípé rẹ yangàn láàárín ẹbí! Èsì yẹn kò yẹ ọ́, ọmọ mi, mi ò sì ní jẹ́ kí o gbé e padà sí Amẹ́ríkà.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn àwọn fíìmù olórin àtijọ́ yẹn. Ṣebí ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́kọ́ wò wọ́n. Ohùn Bing Crosby ṣì ń dùn mọ́ mi títí di òní, bí Fred Astaire bá sì ń jó, mi ò lè gbé ojú kúrò. Mi ò ní torí pé inú ń bí mi kí n sọ pé wọn ò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ tún fíìmù yẹn wò, ká má gbójú fo ibì kankan.

Ní 1942 ni wọ́n gbé Holiday Inn jáde. Inú rẹ̀ ni "White Christmas" wà, orin tí Irving Berlin kọ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Ìtàn ilé ìtura kan ni, tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Nígbà tó kan ọjọ́ ìbí Ààrẹ Abraham Lincoln, Jim, ìyẹn Crosby, kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ted, ìyẹn Astaire, dá Linda, ọmọbìnrin tí Jim fẹ́ràn, mọ̀, kó má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí wọ́n kun ojú ọmọbìnrin náà dúdú, kí òun náà kun tirẹ̀, kí àwọn olórin àti àwọn agbáwo náà kun tiwọn. Ó bá di orin, ó di ijó. Lincoln yìí kan náà ló fọwọ́ sí ìkéde òmìnira àwọn ẹrú ní 1863. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n wá ń fi àwọn tó kéde òmìnira fún ṣe yẹ̀yẹ́.

O rí Louise Beavers nínú rẹ̀, àbí o ò rí i? Òun ló ṣe Mamie, alásè ilé náà. Aláwọ̀ dúdú gidi ni, òṣèré tó mọṣẹ́ dunjú. Wọ́n fún un ní díẹ̀ kọ nínú orin ọjọ́ Lincoln náà, òun àti àwọn ọmọ kékeré méjì, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni wọ́n ti ní kó kọ ọ́. Àwọn tó kun ojú wà ní gbọ̀ngàn níwájú àlejò, ẹni tí Ọlọ́run fún ní àwọ̀ náà wà nídìí ààrò. Ohun tó yẹ kí o fi han ọmọ rẹ nìyẹn. Ọmọ tó gbọ́n tó láti béèrè, ó ti gbọ́n tó láti gbọ́ èsì.

O wá ní ayé ìgbà yẹn ni. Ayé ta ni?

Ní nǹkan bí 1830, òṣèré òyìnbó kan, Thomas Rice, ń kun ojú, ó ń wọ àkísà, ó ń jó, ó ń ta kiti bí ẹrú tí kò ní làákàyè. Jim Crow ló pe ẹni tó ń sín jẹ. Kọ́ọ̀kì ìdérí ìgò ni wọ́n ń sun jóná, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó, wọ́n á fi pa ojú, wọ́n á wá kun ètè kó lè tóbi ju ti ènìyàn lọ. Ní 1843, àwọn mẹ́rin tí wọ́n pe ara wọn ní Virginia Minstrels sọ ọ́ di eré odidi alẹ́ kan ní New York, owó ńlá sì wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ṣòfin pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ bá òyìnbó jókòó pọ̀ nínú rélùwéè, kò gbọdọ̀ bá wọn lọ ilé-ìwé kan náà, wọ́n sì fi àrékérekè gba ìbò mọ́ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Jim Crow, orúkọ ẹni tí Rice ń sín jẹ yẹn, ni gbogbo ènìyàn fi ń pe àwọn òfin náà. Ẹ̀rín ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀lé e. Ọmọ tí o bí sí Amẹ́ríkà, orí ilẹ̀ tí òfin yẹn ti ṣiṣẹ́ ló ń gbé. Má pè é ní nǹkan kékeré létí rẹ̀.

Ní 1848, Frederick Douglass, tó sá jáde lóko ẹrú, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, North Star, pé àwọn òṣèré wọ̀nyí jí àwọ̀ tí Ẹlẹ́dàá kò fún wọn láti fi pa owó. 1848, Àkànkẹ́! Ọdún 94 gbáko ṣáájú Holiday Inn. Ní 1915, ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, dìde sí fíìmù The Birth of a Nation, níbi tí àwọn òyìnbó ti kun ojú láti fi aláwọ̀ dúdú hàn bí ẹranko. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn rí i, wọ́n sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n jáde sójú títì. Bí o bá wá ní kò sẹ́ni tó kà á sí nígbà náà, o ti lé gbogbo wọn kúrò nínú ayé ìgbà náà, bí ẹni pé wọn kì í ṣe ará ibẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹni tó gbàgbé ni ìwọ lọ dúró sí?

Mo ti rí ohun tí o fẹ́ sọ lójú rẹ. O fẹ́ ní àwọn eégún aláré wa náà ń fi òyìnbó ṣẹ̀fẹ̀. Lóòótọ́ ni, ó sì ti pẹ́. Ní 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin, wọ́n sì ṣeré fún un. Lára ohun tí wọ́n gbé jáde ni òyìnbó kan tó funfun báláú, tó ń fa áṣáà símú, tó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, tó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rin ilẹ̀ láìwọ bàtà rí. Ariwo ẹ̀rín sọ. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, ó sì gbà pé òṣèré náà ṣe é dé góńgó. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Clapperton lẹ́yìn eré. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Àlejò ọba ni, ó jẹun, ó gba ẹ̀bùn, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ta ọmọ rẹ̀. Ìjọba tó rán an níṣẹ́ gan-an ló wá gba Èkó ní 1861. Ẹni tí Rice ń sín jẹ ní tirẹ̀, oko ẹrú ló wà, kò ní orí ìtàgé tí yóò ti fèsì, kò sì ní ọba tí yóò gbà á lálejò. Ọ̀dà ojú nìkan kọ́ là ń bínú sí. Ohun tí a ń bínú sí ni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn síta, wọ́n tún wọ aṣọ rẹ̀ jó nínú ilé.

Èyí tó dùn mí jù lọ rèé. Ní 1936, Astaire kun ojú, ó jó "Bojangles of Harlem" nínú fíìmù Swing Time. Òjìji mẹ́ta tó ga fíofío ń jó lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó gbayì ni. Wọ́n ní láti fi yẹ́ Bill Robinson sí ni, ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Bojangles, ọ̀gá àwọn tó ń fi bàtà lu ilẹ̀ bí ìlù. Mo gbà pé Astaire bọ̀wọ̀ fún un. Kò sì tún kun ojú jó nínú fíìmù mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n Robinson kò tíì kú! Hollywood yẹn kan náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1935, òun àti ọmọ kékeré Shirley Temple ti jọ jó lórí àtẹ̀gùn nínú The Little Colonel, àwọn sinimá gúúsù sì gé e kúrò torí pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú kan ọwọ́ ọmọ òyìnbó. O fẹ́ yẹ́ ẹni tó wà láàyè sí, o ò ránṣẹ́ pè é, o wá kun ojú ara rẹ. Irú ẹ̀yẹ wo nìyẹn?

Lena Horne, akọrin aláwọ̀ dúdú, náà ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ilé-iṣẹ́ MGM, òun nìkan ni wọ́n máa ń dá dúró kọrin, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó lè rọrùn láti gé e kúrò bí fíìmù bá dé gúúsù. Ojúlówó ni wọ́n ń gé, ayédèrú ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Bí o bá ti rí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ayé ìgbà yẹn kò ní yá ọ lẹ́nu mọ́.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Bert Williams pa ọ́ lẹ́nu mọ́ pé aláwọ̀ dúdú náà kun ojú. Ọmọ Bahamas ni, àgbà apanilẹ́rìn-ín. Òun àti George Walker ló gbé In Dahomey dé Broadway ní 1903, wọ́n gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ṣe é ní ààfin Buckingham. Àwọn ènìyàn wa ló kọ ọ́, àwọn náà ló kọ orin rẹ̀, Dàhòmì tó múlé tì wá níbí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Síbẹ̀, Williams kun ojú lórí ìtàgé, torí ohun tí àwọn tó ń sanwó mọ̀ tí wọ́n sì fẹ́ nìyẹn. Mi ò lè bá a wí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ń fi í yangàn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì sàn jù. BBC ń gbé The Black and White Minstrel Show, eré àwọn tó ń kun ojú, jáde láti 1958 títí di 1978. Ní 1967, àwọn ènìyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a dúró, wọn ò gbọ́. Fojú inú wo àwọn nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà níbẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n délé láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n.

Ó dára. Kí la wá fẹ́ kí wọ́n ṣe sí àwọn fíìmù náà? Mi ò ní kí wọ́n dáná sun wọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ti ń gé orin Lincoln yẹn kúrò nínú Holiday Inn, inú mi kò sì dùn sí i. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n ti gé Louise Beavers náà mọ́ ọn, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó kun ojú kò sì hàn mọ́. Ó wá dà bíi pé ọwọ́ Crosby mọ́ tónítóní. Ohun tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TCM ṣe ní 2021 ló tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n gbé Swing Time àti The Jazz Singer, fíìmù Al Jolson ti 1927, jáde lódindi, wọ́n sì jókòó sọ ohun tó burú nínú wọn fún àwọn òǹwòran. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ ni Jacqueline Stewart, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú. Wo ojú obìnrin yẹn nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀: ó fẹ́ràn sinimá, kò sì purọ́ fún un.

Nítorí náà, o máa pe ọmọ rẹ. Lónìí ni, kì í ṣe ọ̀la. Sọ fún un pé èsì tí o fún un kò pé, kí o sì sọ ti Douglass, ti Beavers àti ti Robinson fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fíìmù Stormy Weather, ti 1943. Ojú ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀gá yẹn ò nílò ọ̀dà: Robinson wà níbẹ̀, Lena Horne wà níbẹ̀, Cab Calloway wà níbẹ̀, Fats Waller ń tẹ dùùrù. Má jẹ́ kó sùn lọ kó tó parí o, torí òpin ni Fayard àti Harold Nicholas ti ń fo orí ara wọn kọjá lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń balẹ̀ ní ìyakàkà, tí wọ́n tún ń dìde láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ìwọ náà wò ó.