Orúkọ Wo Ni Ká Pe Charles Ingalls?

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ìtumọ̀ fún wa ní àyọkà kúkúrú kan nípa Charles Ingalls, ará Amẹ́ríkà kan tó gbé ayé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "pioneer." Èmi kọ "atẹ̀lúdó" láìro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Nígbà tí ìwé mi padà dé, olùkọ́ ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ìbéèrè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ta ló wà níbẹ̀ kó tó dé?" Máàkì márùn-ún bá ìbéèrè yẹn lọ. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ìtàn ọkùnrin náà àti ìdílé rẹ̀ kà, mo rí i pé ẹjọ́ mi kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìdílé náà

Wọ́n bí Charles Ingalls ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1836, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cuba ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹ má ṣì í mú o, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Kúbà. Láti kékeré rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń kó wọn lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n dé Illinois, wọ́n sì tún gba Wisconsin lọ. Wisconsin ló ti fẹ́ Caroline Quiner, tó jẹ́ tíṣà, ní ọdún 1860. Ìdílé méjèèjì sì di àna ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀gbọ́n Caroline, Henry, fẹ́ Polly àbúrò Charles, ẹ̀gbọ́n Charles, Peter, sì fẹ́ Eliza àbúrò Caroline. Kí n tó lè kọ gbólóhùn yìí ní Yorùbá, mo ní láti lọ wo ọdún tí wọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè ta ni ẹ̀gbọ́n. Èdè tiwa kì í gbà kéèyàn fò ó.

Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. Mary (1865) àti Laura (1867) ni wọ́n bí nítòsí Pepin ní Wisconsin. Wọ́n bí Carrie ní Kansas ní ọdún 1870. Frederick, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní, dé ní ọdún 1875, ó sì kú ní ọdún 1876 kó tó pé ọmọ ọdún kan. Grace ni àbíkẹ́yìn, wọ́n bí i ní ọdún 1877. Laura yìí ló wá di òǹkọ̀wé nígbà tó dàgbà. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1932, àwọn ìwé rẹ̀ ló sì sọ bàbá rẹ̀ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kansas

Ní ọdún 1869, Charles kó ìyàwó àti ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó gba ọ̀nà Kansas. Ó kọ́ ilé onígi kan sí ibi tí kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú Independence. Ilẹ̀ àwọn Osage ni ibẹ̀. Àdéhùn ọdún 1865 láàárín wọn àti ìjọba Amẹ́ríkà ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn, òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò sì tíì gba ẹlòmíràn láyè láti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Síbẹ̀, Charles nìkan kọ́ ló lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun ló ya lu ilẹ̀ náà ní àsìkò yẹn.

Ibà dá gbogbo ilé wọn dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ibà tí àwa náà mọ̀ dáadáa, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ẹni tó tọ́jú wọn ni Dókítà George Tann, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní agbègbè náà. Ní ọdún 1870, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó mú kí àwọn Osage ta ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì ṣí lọ sí ibi tó di Oklahoma lónìí. Ní ọdún 1871, ìdílé Ingalls náà padà sí Wisconsin.

Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wa wò

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú ìmọ̀ ìtumọ̀ wọn àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

"Atẹ̀lúdó" wá láti inú "tẹ ìlú dó": àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe elélà tẹ̀...dó, àti ọ̀rọ̀-orúkọ ìlú láàárín. Ọ̀rọ̀ ìyìn ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbà pé kò sí ìlú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó ló ni ín. Kò bá ilẹ̀ Osage mu.

"Àtìpó" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nílé wa. Àtìpó ni bàbá mi àgbà ní abúlé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ kí wọ́n tó dáko, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dìjà, wọ́n á rán wa létí pé àlejò ni wá. Àtìpó gbọ́dọ̀ ní onílẹ̀ tó gbà á. Nínú ìwé Laura, kò síbi tí bàbá rẹ̀ ti lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Osage.

"Ajagungbalẹ̀" le jù. Charles ní ìbọn, ṣùgbọ́n ẹran ló ń fi pa. Kò bá ẹnikẹ́ni jagun nítorí ilẹ̀. "Aṣáájú" náà kò ṣe é lò, nítorí àwọn kan ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àríyànjiyàn kíláàsì lásán ni èyí. Nígbà tí ìwé Laura nípa Kansas jáde ní ọdún 1935, ó sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí èèyàn lórí ilẹ̀ náà, àfi àwọn Íńdíà. Ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún kí òǹkàwé kan tó kọ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde pé ṣé àwọn Íńdíà kì í ṣe èèyàn ni? Laura gbà pé àṣìṣe ni. Nínú ẹ̀dà ọdún 1953, wọ́n yọ "èèyàn" kúrò, wọ́n sì fi "olùtẹ̀dó" rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan péré ni wọ́n pààrọ̀, odidi ẹ̀yà kan sì padà di èèyàn lójú ìwé.

Bàbá tí ìyà jẹ

Kò tọ́ kí n sọ Charles di ọ̀daràn kí n lè gba máàkì mi padà. Ìyà jẹ ẹ́. Ní Minnesota, eṣú jẹ ọkà rẹ̀ tán, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ wá iṣẹ́ ìkórè ní oko olóko. Ní Burr Oak ní Iowa, gbèsè owó ilé mú kí wọ́n fi òru bojú kúrò nílùú. Àìsàn fọ́ ojú Mary ní ọdún 1879. Wọ́n tiraka títí wọ́n fi rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Vinton. Ìgbà tó dé De Smet ní Dakota ló tó rí ilẹ̀ gbà lábẹ́ òfin ọdún 1862, tó ń fún èèyàn ní éékà 160 bó bá fi ọdún márùn-ún gbé ibẹ̀, tó sì dáko sí i. De Smet náà ló kú sí ní ọdún 1902.

Mary àti Grace kò bímọ, Carrie kò bímọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Laura, Rose, kú ní ọdún 1968 láìfi ọmọ sílẹ̀. Charles kò ní àrọ́mọdọ́mọ kankan láyé mọ́. Ṣùgbọ́n Kansas ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn Kansa, Dakota sì ń jẹ́ orúkọ àwọn Dakota.

Mo ti tún iṣẹ́ mi ṣe. Níbi tí mo kọ "atẹ̀lúdó" sí, mo kọ "ẹni tó lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ àwọn Osage." Ó gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ onílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò ní gbàgbé onílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá.