Ẹ̀KỌ́: ǸJẸ́ ÌTÀN ÀRÒSỌ LÈ YÍ ÈNÌYÀN PADÀ?

Ẹ kà: 2 Sámúẹ́lì 12:1–14

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àlejò wa, àwọn kan a máa sọ pé, "Ṣebí ìtàn lásán ni, kí ló lè ṣe?" Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Nátánì àti ọba. Ọlọ́rọ̀ kan gba ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, ó pa á fún àlejò rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ yìí kò sí níbì kankan. Nátánì ló fi ẹnu dá a. Síbẹ̀ inú bí Dáfídì, ó ní ikú ló tọ́ sí ẹni náà. Ká ní ẹ̀sùn ni Nátánì kọ́kọ́ fi kàn án, bóyá ọba ìbá wá àwíjàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ìtàn kì í gbáradì fún ìjà. Ọ̀rọ̀ ti wọlé kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

2. Ìwé kan ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ayé àtijọ́ nìkan. Ní 1904, Upton Sinclair lo bíi ọ̀sẹ̀ méje ní ìlú Chicago, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpẹran ńláńlá. Ohun tó rí ló fi kọ ìwé ìtàn àròsọ The Jungle, tó jáde ní 1906. Ìyà òṣìṣẹ́ ló fẹ́ kí aráyé rí. Àmọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn kà nípa ẹran ìdọ̀tí, oúnjẹ tiwọn ni wọ́n gbájú mọ́. Ààrẹ Theodore Roosevelt rán àwọn aṣèwádìí lọ, wọ́n sì bá ẹ̀gbin níbẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Júùnù, 1906, ó fọwọ́ sí òfin méjì: ọ̀kan lórí àyẹ̀wò ẹran, èkejì lórí oúnjẹ àti oògùn. Owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kò sí nínú méjèèjì.

3. Kí la rí kọ́? Ìtàn lágbára, àmọ́ ó lè má balẹ̀ síbi tí ẹni tó sọ ọ́ fojú sùn. Olùgbọ́ a máa mú èyí tó kàn án. Ìdí nìyẹn tí Nátánì kò fi dákẹ́ lẹ́yìn ìtàn rẹ̀. Ó sọ fún ọba gbangba pé òun gan-an ni. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ bá pa àlọ́ tán, tàbí tí ọmọ bá ti ibi sinimá dé, ẹ bi í pé, "Kí lo rí mú níbẹ̀?" Ó lè jẹ́ ẹ̀tàn Ìjàpá ló wù ú, kì í ṣe ìyà tó jẹ ẹ́ níkẹyìn.

Ìbéèrè: Ìtàn wo ló ti yí ìwà rẹ padà? Ṣé ibi tí ẹni tó sọ ọ́ ń lọ ló gbé ọ dé?

Kí Olúwa fi òye kún wa. Àmín.